OHÙN ÀJÈJÌ, ÒKÌKÍ ÀTI ÌDÈ: ÀGBÉYẸ̀WÒ IṢẸ́ BELA LUGOSI LÓRÍ ÌTÀGÉ ÀTI NÍNÚ SINIMÁ ILẸ̀ AMẸ́RÍKÀ

Àṣamọ̀

Bí a bá dárúkọ Bela Lugosi, Dracula ni ọ̀pọ̀ òǹwòran sinimá yóò kọ́kọ́ rántí. Èrò tí ó gbilẹ̀ nípa òṣèré yìí ni pé ohùn ilẹ̀ Hungary tí ó gbé dé Amẹ́ríkà ni ó sọ ọ́ di olókìkí, pé ohùn kan náà ni ó sì ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Iṣẹ́ yìí fara mọ́ apá kìn-ín-ní èrò náà, ṣùgbọ́n ó tako apá kejì. Fíìmù márùn-ún ni a gbé yẹ̀ wò: Dracula (1931), The Black Cat (1934), Son of Frankenstein (1939), Frankenstein Meets the Wolf Man (1943) àti Bride of the Monster (1955). Àbájáde wa ni pé ohùn Lugosi kọ́ ni ó dè é mọ́lẹ̀, bí kò ṣe ọ̀nà tí àwọn ilé-iṣẹ́ asinimá gbà ná ohùn náà. Ibi tí wọ́n ti fún ohùn yìí láyè ni eré ti gún régé. Ibi tí wọ́n ti gé e kúrò ni eré ti dàrú. A wá tọ́ka sí ohun tí olùkọ́ èdè lè rí kọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

1.0 Ìfáàrà

Iṣẹ́ òṣèré jẹ́ iṣẹ́ tí a ń fi ara, ojú àti ohùn ṣe. Òǹkọ̀wé lè fara pamọ́ sẹ́yìn ìwé rẹ̀, ayàwòrán sì lè lọ jókòó sílé nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń wo àwòrán rẹ̀. Òṣèré kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ara rẹ̀ ni irinṣẹ́ rẹ̀, èdè ẹnu rẹ̀ sì ni ó gbé e dúró níwájú òǹwòran. Kí ni yóò wá ṣẹlẹ̀ sí òṣèré tí ó ti jẹun lórí èdè abínibí rẹ̀ fún bí ogún ọdún, tí ogun àti òṣèlú sì gbé e sọ sí ilẹ̀ tí kò ti gbọ́ èdè? Ìbéèrè yìí ni ó bí iṣẹ́ tí a ń ṣe yìí.

Kì í ṣe Lugosi nìkan ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Ní àkókò tí sinimá kò tíì máa sọ̀rọ̀, òṣèré láti orílẹ̀-èdè èyíkéyìí lè di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní Hollywood nítorí pé ojú àti ìfarasọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń ṣeré. Nígbà tí sinimá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láti ọdún 1927, nǹkan yí padà. Emil Jannings, òṣèré ilẹ̀ Jámánì tí ó jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn Oscar fún òṣèrékùnrin tó tayọ, padà sí ilẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1929 nítorí pé èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò bá sinimá tuntun náà mu. Ohun tí ó lé Jannings lọ yìí gan-an ni ó gbé Lugosi ga. Èyí nìkan tó láti fi hàn wá pé ọ̀rọ̀ ohùn àjèjì kò rọrùn bí àwọn ènìyàn ṣe ń wí i.

2.0 Ojú tí a fi wo iṣẹ́ yìí

Ọ̀rọ̀ méjì ni ó yẹ kí a là yé ara wa kí a tó máa bá ìtúpalẹ̀ lọ. Ohun tí a pè ní ohùn àjèjì ni àwọn àbùdá ìró èdè abínibí tí ó máa ń bá ènìyàn wọ inú èdè àkọ́kúntẹni. Nínú èdè Hungary, orí sílébù àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ ni ìtẹnumọ́ máa ń wà nígbà gbogbo. Fáwẹ̀lì gígùn àti fáwẹ̀lì kúkúrú sì máa ń fi ìyàtọ̀ hàn láàrin ọ̀rọ̀ kan àti èkejì. Èdè náà kò ní ìró tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fi lẹ́tà 'w' kọ, kò sì ní èyí tí wọ́n ń fi 'th' kọ. Ẹni tí ó bá ti inú irú èdè bẹ́ẹ̀ bọ́ sínú èdè Gẹ̀ẹ́sì yóò máa fa fáwẹ̀lì gùn, yóò máa tẹ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, ìró 'v' yóò sì pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ìlànà ni èyí, kì í ṣe àṣìṣe lásán. Àwa tí a ń sọ èdè olóhùn mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí pé ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ wa máa ń bá wa wọ inú Gẹ̀ẹ́sì, tí ìró 'v' sì máa ń di 'f' lẹ́nu púpọ̀ nínú wa.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ìsomọ́-ipa. Èyí ni kí a so òṣèré mọ́ irú ẹ̀dá-ìtàn kan ṣoṣo, débi pé bí ó bá fẹ́ ṣe òmíràn, àwọn tí ó ń fún un níṣẹ́ kò ní gbà. Orúkọ ń roni, ni àwọn àgbà wí. Ní ti òṣèré, orúkọ ẹ̀dá-ìtàn pàápàá lè roni ju orúkọ tí ìyá àti bàbá sọ ọmọ lọ.

3.0 Láti Lugos dé New York

Ogúnjọ́ oṣù Ọ̀wàwà (Oṣù Kẹwàá) ọdún 1882 ni a bí Béla Ferenc Dezső Blaskó sí ìlú Lugos. Abẹ́ ìjọba Hungary ni ìlú náà wà nígbà náà. Orílẹ̀-èdè Romania ni ó wà lónìí, Lugoj sì ni wọ́n ń pè é. Orúkọ ìlú yìí ni ó fi ṣe orúkọ òṣèré. Kò pẹ́ nílé-ìwé tí ó fi kúrò ńbẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́ agbára kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ẹgbẹ́ eléré kiri àwọn ìlú kéékèèké.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí irú ipa tí ó kó nígbà náà, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀rí wa ti bẹ̀rẹ̀. Ó ṣe Romeo nínú eré Shakespeare ní ìlú Szeged. Ó ṣe Jésù Kristi nínú eré ìjìyà Olúwa ní ìlú Debrecen. Ní ọdún 1913, ó wọ Ilé Ìṣeré Ìjọba Àpapọ̀ ní Budapest. Lóòótọ́, ipa kéékèèké ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fún un níbẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ìṣeré tí ó lọ́lá jù lọ ní ilẹ̀ rẹ̀ ni. Olólùfẹ́, akọni, ẹni mímọ́: irú ẹ̀dá-ìtàn tí ó ń fi ara rẹ̀ hàn nìyẹn. Kò sí òkú amùjẹ̀ kankan nínú wọn.

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1914, ó lọ sójú ogun gẹ́gẹ́ bí ọmọ-ogun ẹlẹ́sẹ̀, ó sì fara gbọgbẹ́. Ní ọdún 1919, lábẹ́ ìjọba Béla Kun, ó wà lára àwọn tó síwájú nínú dídá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn òṣèré sílẹ̀. Ìjọba náà kò lò ju oṣù díẹ̀ lọ kí ó tó wó. Lugosi sá lọ sí Vienna, ó sì ti ibẹ̀ dé Berlin, níbi tí ó ti kópa nínú fíìmù Der Januskopf (1920) tí F. W. Murnau darí. Ní oṣù Ọ̀pẹ (Oṣù Kejìlá) ọdún 1920, ó bá ọkọ̀ ojú omi gúnlẹ̀ sí New Orleans. Ọmọ ọdún méjìdínlógójì (38) ni, kò sì tíì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní New York, àárín àwọn ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ti ń ṣeré ní èdè Hungary. Ìgbà tí ó di ọdún 1922 ni ó ṣe eré àkọ́kọ́ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, The Red Poppy. Ìró ọ̀rọ̀ ni ó há sórí, láìtíì gbọ́ èdè náà já. Ohun tí a fẹ́ kí òǹkàwé kíyè sí nìyí: kí Lugosi tó mọ ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti mọ ìró rẹ̀. Ó ń gbé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kalẹ̀ lọ́tọ̀ bí ẹni tí ó ń ka owó ẹyọ. Àṣà yìí kò kúrò lẹ́nu rẹ̀ títí ọjọ́ alẹ́, òun ni ó sì wá di iyebíye lọ́dún márùn-ún lẹ́yìn náà.

4.0 Dracula: ohùn àti ìdákẹ́jẹ́

Ọdún 1897 ni Bram Stoker, ọmọ ilẹ̀ Ireland, tẹ ìwé ìtàn Dracula jáde. Nínú ìwé náà, arúgbó tí irùnmú rẹ̀ funfun ni ìjòyè Dracula nígbà tí a kọ́kọ́ rí i. Hamilton Deane ni ó sọ ọ́ di eré orí-ìtàgé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1924, tí ó wọ aṣọ àríyá alẹ́ àti aṣọ ìborùn dúdú sí i lọ́rùn, kí ó lè bá àwọn ọlọ́lá jókòó nínú pálọ̀. John L. Balderston tún eré náà kọ fún àwọn ará Amẹ́ríkà. Ọjọ́ karùn-ún oṣù Ọ̀wàwà (Oṣù Kẹwàá) ọdún 1927 ni Lugosi kọ́kọ́ fi Dracula hàn ní Fulton Theatre, New York, wọ́n sì ṣe eré náà nígbà 261 níbẹ̀.

Kókó kan wà nínú ìwé Stoker tí ó ṣe pàtàkì sí àríyànjiyàn wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn, Dracula sọ fún Jonathan Harker, àlejò rẹ̀, pé òun ti ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀, ṣùgbọ́n pé òun fẹ́ kí ó kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ìdí ni pé kò fẹ́ kí ará London kankan gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu òun kí ó sì mọ̀ pé àjèjì ni òun. Òǹkọ̀wé náà mọ ohun tí ó ń ṣe: ohùn àjèjì ni àmì tí ń tú ènìyàn fó. Èyí ni pé kí Lugosi tó dé ìtàgé rárá, ọ̀rọ̀ nípa ohùn àjèjì ti wà nínú àhunpọ̀ ìtàn náà. Nígbà tí wọ́n wá fi òṣèré tí kò lè sọ ohùn rẹ̀ nù ṣe Dracula, ìtàn àti òṣèré pàdé ara wọn.

Fíìmù tí Tod Browning darí jáde ní oṣù Èrèlé (Oṣù Kejì) ọdún 1931. Kì í ṣe Lugosi ni ilé-iṣẹ́ Universal kọ́kọ́ fẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún òun, ó sì gbà á ní owó pọ́ọ́kú: 500 dọ́là lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méje, èyí tí àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 3,500 dọ́là.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìfarahàn rẹ̀ àkọ́kọ́ nínú ààfin. Renfield, àlejò rẹ̀, wọlé. Ilé náà tóbi, ó sì ti wó. Dracula sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú àbẹ́là lọ́wọ́. Ó dárúkọ ara rẹ̀, ó sì dákẹ́. Ìkookò hu lóde. Ó tẹ́tí sí i, ó sì pe igbe náà ní orin. Nígbà tí ó ṣe, ó bu ọtí fún àlejò, àlejò bi í pé ṣé òun kò ní mu ni. Ó fèsì pé òun kì í mu ọtí, ṣùgbọ́n ó dúró díẹ̀ kí ó tó pe ọtí náà lórúkọ. Nínú ìdúró díẹ̀ yẹn ni gbogbo ẹ̀rù inú ìran náà wà, nítorí pé òǹwòran mọ ohun tí ẹni náà ń mu.

Bí a bá yọ orin ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ilé eré orin kan kúrò, fíìmù yìí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní orin nínú rárá. Òkú amùjẹ̀ náà kò yọ eyín ṣóńṣó kankan sí wa. Karl Freund tí ó ya àwòrán rẹ̀ tan ìmọ́lẹ̀ tóóró sí i lójú, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ó kù tí ó lè dẹ́rù bani ni ojú, ọwọ́ àti ohùn òṣèré kan. Fífa fáwẹ̀lì gùn, títẹ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, àti gbígbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan lè pè ní àléébù, ni ó di ọgbọ́n ìfìwàwẹ̀dá níbí. Ẹ̀dá-ìtàn tí ó ti kú láti ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan kò gbọdọ̀ máa sọ̀rọ̀ wàràwàrà bí ọ̀dọ́mọkùnrin New York. Lugosi mú kí ó dún bí ẹni tí ọ̀nà ọ̀rọ̀ rẹ̀ jìn.

Ẹ̀rí mìíràn ni pé ní ilé-iṣẹ́ kan náà, nínú ilé àti àga kan náà, wọ́n ń ya Dracula mìíràn ní èdè Spanish lóru, tí Carlos Villarías jẹ́ Dracula ńbẹ̀. Àwọn lámèyítọ́ púpọ̀ gbà pé ẹ̀rọ àwòrán nínú ti èdè Spanish náà já fáfá ju ti Browning lọ. Síbẹ̀, ti Lugosi ni ayé ń rántí. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ọ̀fà ju òje lọ: kì í ṣe ẹ̀rọ, kì í ṣe aṣọ.

5.0 Ìsomọ́-ipa àti ọrọ̀ ajé sinimá

Láti ìgbà tí fíìmù yìí ti mówó wọlé ni ìdè ti bẹ̀rẹ̀. Universal fẹ́ kí Lugosi wà nínú Frankenstein (1931), ṣùgbọ́n nígbà tí nǹkan yí, Boris Karloff, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ṣe ẹ̀dá abàmì tí a fi òkú tò náà, ó sì di olókìkí láìsọ gbólóhùn kan. Láti ìgbà náà, orúkọ Karloff ni ó ń wà lókè nínú àwọn eré tí wọ́n jọ ṣe. Lugosi ṣe Murders in the Rue Morgue àti White Zombie ní ọdún 1932. Ọdún náà kan náà ni gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn tí ó fi lọ kéde rẹ̀ ní ilé-ẹjọ́. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn òṣèré sinimá sílẹ̀ ní ọdún 1933, ó wà lára àwọn tó tètè wọ̀ ọ́. Ẹni tí ó ti jà fún ẹ̀tọ́ òṣèré ní Budapest kò gbàgbé ìjà náà ní Hollywood.

Ní ọdún 1936, agbára ilé-iṣẹ́ Universal bọ́ lọ́wọ́ ẹbí Laemmle, eré adẹ́rùbani sì ń rí ìdènà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé-iṣẹ́ náà dáwọ́ irú eré bẹ́ẹ̀ dúró. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé eré adẹ́rùbani nìkan ni wọ́n mọ Lugosi mọ́, iṣẹ́ dá lọ́wọ́ rẹ̀ fún bí ọdún méjì. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un, nígbà tí wọ́n sì dí i, kò rí ibi gbà.

Ṣé ohùn rẹ̀ ni ó fa èyí? Bí a bá sọ bẹ́ẹ̀, báwo ni a ó ṣe ṣàlàyé Paul Lukas? Ọmọ Budapest ni Lukas, ìró èdè Hungary sì hàn kedere nínú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Síbẹ̀, ó ṣe akọni tí ó ń gbógun ti ìjọba Hitler nínú Watch on the Rhine, lórí ìtàgé Broadway ní ọdún 1941, lẹ́yìn náà nínú fíìmù ọdún 1943, ó sì gba Oscar lé e lórí. Ohùn ilẹ̀ kan náà ni. Ọ̀kan di ohùn akọni, èkejì di ohùn abàmì. Karloff ńkọ́? Gẹ̀ẹ́sì ni èdè abínibí rẹ̀, síbẹ̀ eré adẹ́rùbani ni wọ́n so òun náà mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà, ohùn kọ́ ni okùn. Ọjà ni ó ń so ènìyàn mọ́lẹ̀: ohun tí ó bá ti tà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á fẹ́ tà á títí yóò fi gbó.

6.0 Ibi tí ó ti já ìdè

Fíìmù méjì ni a fẹ́ fi fìdí ọ̀rọ̀ wa múlẹ̀. Èkíní ni The Black Cat (1934) tí Edgar G. Ulmer darí. Lugosi ni Dókítà Vitus Werdegast, ọmọ Hungary tí ó lọ sógun, tí ó fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣẹ̀wọ̀n, tí ó sì padà wá bi Poelzig (Karloff) ní ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Orí ibi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ-ogun ti kú nítorí ọ̀dàlẹ̀ Poelzig ni ọ̀dàlẹ̀ náà kọ́ ilé rẹ̀ sí. Nínú ọkọ̀ ojú irin, Werdegast fọwọ́ kan irun ọmọbìnrin kan tí ó sùn. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ rí i, ó ṣàlàyé pé òun ní irú ìyàwó bẹ́ẹ̀ kí òun tó lọ sógun. Kò gbé ohùn sókè. Ìdúró kan náà tí ó dẹ́rù bani nínú Dracula ni ó lò níbí, ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ ni ó bọ́ sí wa létí. Ìlànà ohùn kò yí padà. Ohun tí ó yí padà ni ipò tí wọ́n fi ẹ̀dá-ìtàn sí. Ẹni tí ó ti rí ojú ogun, tí kò sì lè padà sílé, kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ òun bí a ṣe ń sọ irú ọ̀rọ̀ náà. Lóòótọ́, Werdegast gbẹ̀san níkà ní ìparí eré, ṣùgbọ́n a ti mọ ohun tí ó ṣe é kí a tó rí ohun tí òun náà ṣe.

Èkejì ni Son of Frankenstein (1939) láti ọwọ́ Rowland V. Lee. Ygor tí Lugosi ṣe níbí jẹ́ alágbẹ̀dẹ tí wọ́n yẹgi fún, tí ọrùn rẹ̀ kán, ṣùgbọ́n tí kò kú. Irùngbọ̀n bò ó lẹ́nu, ara rẹ̀ wọ́, ohùn rẹ̀ há bí ẹni tí okùn ti fún lọ́fun. Ó ń pani lẹ́rìn-ín, ó ń dẹ́rù bani, ó sì ń ṣeni láàánú lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí aṣọ àríyá, kò sí ìtẹjúmọ́ni. Ẹni tí ó bá wo Dracula lánàá tí ó sì wo Ygor lónìí lè má mọ̀ pé òṣèré kan náà ni. Ní ọdún kan náà ni ó ṣe ọ̀gá àgbà ìjọba Soviet fún ìgbà díẹ̀ nínú eré apanilẹ́rìn-ín Ninotchka tí Ernst Lubitsch darí, tí Greta Garbo sì jẹ́ olú ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀. Ó dúró gbọin, kò sì ṣe àṣerégèé. Àwọn tí ó ń wí pé ohun kan ṣoṣo ni Lugosi mọ̀ ọ́n ṣe kò ka ọdún 1939 kún.

7.0 Nígbà tí wọ́n gé ohùn náà kúrò

Bí a bá fẹ́ mọ ìwúlò nǹkan, ẹ jẹ́ kí a mú un kúrò kí a wo ohun tí yóò ṣẹ́kù. Universal ti bá wa ṣe ìdánwò náà. Ní ìparí The Ghost of Frankenstein (1942), wọ́n gbé ọpọlọ Ygor sínú orí ẹ̀dá abàmì náà, ẹ̀dá náà sì fi ohùn Lugosi sọ̀rọ̀ kí ojú rẹ̀ tó fọ́. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ní kí Lugosi fúnra rẹ̀ ṣe ẹ̀dá abàmì yìí nínú Frankenstein Meets the Wolf Man (1943), ó bá ọgbọ́n ìtàn mu: afọ́jú tí ń sọ̀rọ̀ bí Ygor. Lugosi na ọwọ́ síwájú, ó ń táràrà rìn gẹ́gẹ́ bí afọ́jú.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ya fíìmù náà tán, wọ́n gé gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kúrò. Curt Siodmak tí ó kọ ìtàn náà ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé ìró Hungary lẹ́nu ẹ̀dá abàmì ni ó pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín. Gbólóhùn tí ó sọ pé afọ́jú ni ẹ̀dá náà bá ọ̀rọ̀ yòókù lọ. Kí ni ó wá kù? Ẹ̀dá kan tí ó na ọwọ́ síwájú láìnídìí, tí ẹnu rẹ̀ ń mì nígbà mìíràn tí a kò gbọ́ nǹkan kan. Òǹwòran rò pé òṣèré ni kò mọ iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìrìn afọ́jú tí wọ́n sọ di òmùgọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sín jẹ títí di òní bí wọ́n bá fẹ́ ṣe Frankenstein. Wọ́n gba ìdí lọ́wọ́ òṣèré, wọ́n wá fi ìwà tí kò nídìí mọ́ dá a lẹ́jọ́. Lójú tiwa, kò sí ibi tí ó tún ṣàfihàn ìwà àìtọ́ tí wọ́n hù sí ohùn Lugosi ju ibí yìí lọ.

8.0 Ọjọ́ alẹ́ àti ogún

A kò ní pẹ́ lórí àwọn eré olówó pọ́ọ́kú tí ó ṣe fún ilé-iṣẹ́ Monogram láàrin ọdún 1941 sí 1944. Ọdún 1948 ni ó tún ṣe Dracula nínú eré apanilẹ́rìn-ín Abbott and Costello Meet Frankenstein. Àwọn yòókù ń ṣe yẹ̀yẹ́, òun kò rẹ́rìn-ín, èyí ni ó sì mú kí yẹ̀yẹ́ náà dùn. Oògùn apàrora tí ó ń lò ti di bárakú fún un. Ní ọdún 1955, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, ó sì lo bí oṣù mẹ́ta níbẹ̀ kí ó tó bọ́.

Nínú Bride of the Monster (1955), eré tí Edward D. Wood darí pẹ̀lú owó tí kò tó nǹkan, Lugosi jẹ́ Dókítà Vornoff, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n lé kúrò ní ìlú rẹ̀. Nígbà tí aṣojú ìlú náà wá pè é pé kí ó máa bọ̀ nílé, ó fèsì pé òun kò ní ilé mọ́, pé wọ́n ti dọdẹ òun, wọ́n sì ti kẹ́gàn òun. Ìkọ̀wé eré náà kò dára, ilé tí wọ́n fi páálí ṣe sì ń mì. Ṣùgbọ́n arúgbó ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin (72) tí ó sá kúrò ní Hungary ní ọdún 1919 sọ ọ̀rọ̀ náà débi pé ẹ̀rín kú lẹ́nu òǹwòran. Ohun tí ó ń sọ yé e.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Ògún (Oṣù Kẹjọ) ọdún 1956 ni ó kú ní Los Angeles. Aṣọ ìborùn Dracula ni àwọn ẹbí rẹ̀ fi sin ín. Ọ̀rọ̀ náà kò sì parí síbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ àti opó rẹ̀ pe Universal lẹ́jọ́ nítorí pé ilé-iṣẹ́ náà ń fi àwòrán ojú Lugosi ta ọjà. Ilé-ẹjọ́ kékeré dá wọn láre, ṣùgbọ́n ní ọdún 1979, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti ìpínlẹ̀ California dá a pé ẹ̀tọ́ ènìyàn lórí ojú ara rẹ̀ bá a wọlẹ̀, bí kò bá ti lò ó báyìí nígbà ayé rẹ̀. Ọdún 1985 ni òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ náà tí ó fún àwọn ajogún ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó gba 3,500 dọ́là fún Dracula ni ìdílé rẹ̀ kò rí kọ́bọ̀ gbà nínú ẹjọ́ náà. Àfikún kan tún wà: Martin Landau ni ó gba Oscar fún ṣíṣe Lugosi nínú fíìmù Ed Wood (1994). Lugosi fúnra rẹ̀ kò gba irú ẹ̀bùn náà rí.

9.0 Ẹ̀kọ́ fún olùkọ́ èdè

Kí ni èyí kàn wá ní kíláàsì? Lákọ̀ọ́kọ́, bí a bá ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìfìwàwẹ̀dá, kí a má ṣe jẹ́ kí wọ́n dúró lórí ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé kọ nìkan. Bí òṣèré ṣe sọ ọ́, ibi tí ó ti sinmi àti ibi tí ó ti tẹ ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ jẹ́ ara ìtumọ̀. Olùkọ́ lè ní kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì sọ gbólóhùn kan náà nínú eré onítàn Yorùbá pẹ̀lú ìsinmi lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí kíláàsì sì sọ irú ẹni tí wọ́n gbọ́.

Lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni a ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé ohùn Yorùbá, ti Ìjẹ̀bú, ti Èkìtì tàbí ti Ìbàdàn, hàn nínú Gẹ̀ẹ́sì wọn. Ó tọ́ kí a kọ́ wọn ní ìpè tí ó mọ́ yéni. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ tó ka ohùn ọmọ sí àṣìṣe, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ọ̀rọ̀ ọmọ náà kò yéni ni, tàbí pé etí òun ni ó ti pinnu irú ẹni tí ọmọ náà jẹ́. Ohun tí etí Hollywood ṣe sí Lugosi ni pé ó gbọ́ ohùn rẹ̀, ó sì ti mọ ipa tí yóò fún un kí ó tó gbọ́ ohun tí ó ń wí.

10.0 Ìkádìí

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ohùn àjèjì Bela Lugosi jẹ́ irinṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n lò. Ó fi dẹ́rù bani nínú Dracula, ó fi ṣọ̀fọ̀ nínú The Black Cat, ó lọ́ ọ di ti ẹni tí ọrùn rẹ̀ kán nínú Son of Frankenstein, nígbà tí wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún 1943, eré dàrú. A kò sọ pé gbogbo eré tí ó ṣe ni ó dára; púpọ̀ nínú wọn ni kò yẹ fún ọgbọ́n tí ó ní. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ àwọn tí ó pín ipa ni ìyẹn. Iṣẹ́ ṣì pọ̀ fún àwọn aṣèwádìí tó ń bọ̀ láti ṣe lórí àwọn òṣèré tí èdè wọn kì í ṣe èdè ìtàgé tí wọ́n bá ara wọn lórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ó wá The Black Cat, kí ó di ojú, kí ó sì fi etí gbọ́ ìran inú ọkọ̀ ojú irin náà.